Anita Street ní Manchester: ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ wọkọ̀?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Èmi, ọkọ mi, ọmọkùnrin wa ọmọ ọdún mẹ́jọ àti màmá mi máa lo ọjọ́ mẹ́ta ní Manchester. Bọ́ọ̀lù ni ọkọ mi ń bá lọ ní tiẹ̀, èmi fẹ́ rí ibi tí ìtàn wà. Ẹnìkan ní kí n dé Anita Street ní Ancoats, pé òpópónà àtijọ́ ni, láti ayé ìgbà tí ilé iṣẹ́ òwú kún àdúgbò yẹn. Mo wo fọ́tò ẹ̀, ìlà ilé méjì tó kọjú síra wọn ni mo rí. Ṣé ìyẹn náà ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn mí, torí orúnkún màmá mi ò gba ìrìn asán.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ òótọ́ kí àwọn olólùfẹ́ ibẹ̀ tó dé. Ìyẹn náà ni. Ìlà ilé méjì, bíríkì pupa, ilẹ̀kùn tó ṣí sójú títì tààrà. Bí màmá bá ń rìn jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta kò ní pé kí ẹ tó já sí ìkangun kejì. Kò sí ẹnubodè, kò sí ẹni tó máa já tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó máa ṣàlàyé ohunkóhun fún yín.

Síbẹ̀ mo ní kí ẹ lọ. Ọdún kẹfà mi rèé tí mò ń gbé ní ìtòsí ibẹ̀, gbogbo àlejò tó bá sùn lọ́dọ̀ mi ni mo máa ń mú lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ ẹ̀. Sanitary Street ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní apá ìparí ọ̀rúndún 19. Òpópónà Ìmọ́tótó, bí ẹ bá fẹ́ kí n sọ ọ́ lédè wa. Ìjọba ìlú ló kọ́ ilé náà fún òṣìṣẹ́, wọ́n sì fi orúkọ yẹn yangàn, torí pé ilé kọ̀ọ̀kan ní ibi ìfọwọ́ tiẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tiẹ̀. Nígbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ta ló fẹ́ máa sọ fún ẹni tó ń fẹ́ sọ́nà pé ilé òun wà ní Òpópónà Ìmọ́tótó? Wọ́n gé S kúrò níwájú, wọ́n gé R àti Y kúrò lẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ wò ó: S, ANITA, RY. Obìnrin kankan kò jẹ́ Anita níbẹ̀. Ọmọ yín á rẹ́rìn-ín, mo fọwọ́ sọ̀yà.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ. Wọ́n á já sí i láti Oldham Road, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní "ṣé kò ju báyìí náà lọ?" Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ òwú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí Anita Street gbẹ̀yìn. Òpópónà yẹn, èsì ni. Ẹni tí kò bá gbọ́ ìbéèrè kò lè mọ adùn èsì.

* * *

Mo ti rí i pé ẹ̀gbọ́n kan ti bọ́ síbi àríyànjiyàn: ó ní ilé tó so mọ́ra wọn báyẹn kún gbogbo àríwá England, kí ló mú ti Anita Street yàtọ̀? Ẹlòmíràn tì í lẹ́yìn pé Saltaire, ní Bradford, lẹ́wà jù ú lọ.

Saltaire lẹ́wà, mi ò jiyàn. Àmọ́ ọlọ́rọ̀ kan ló kọ́ ọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀, lórí ilẹ̀ tó gbòòrò létí odò. Àárín ìdọ̀tí ni wọ́n ti kọ́ ti Ancoats. Nígbà tí Friedrich Engels, òǹkọ̀wé ará Jámánì, dé Manchester ní 1842, àdúgbò yìí wà lára ibi tó rìn wò tó sì kọ ìwé lé lórí: ilé gogoro tó ń rú èéfín, àgbàlá tí oòrùn kì í wọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún àìmọye ìdílé. Àìsàn ń pa ọmọ wẹ́wẹ́ níbẹ̀ bí ẹni ń kó adìyẹ. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ lẹ́yìn náà kí ìjọba ìlú tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé fún wọn. Victoria Square ló kọ́kọ́ wáyé, ní 1894: ilé ńlá alájà márùn-ún tó yí àgbàlá kan po, tó ṣì dúró digbí lójú Oldham Road. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ò sí nínú yàrá níbẹ̀, ìdílé méjì ló ń pín in lò. Ẹ̀yìn Victoria Square yẹn gan-an ni Anita Street wà. Wọ́n kọ́ ọgbọ́n láti ara èyí àkọ́kọ́: ẹ má pín in mọ́, kálukú kó ní tiẹ̀.

Nítorí náà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ìtàn òpópónà yìí, ẹ ò gbọdọ̀ tijú láti sọ ọ́.

* * *

Ọ̀nà tí mo máa ń gbà rèé, torí àǹtí tó béèrè tún bi mí pé "ibo gan-an ni kí a ti bọ́ sílẹ̀?"

Ẹ wọ tíráàmù láti Piccadilly kí ẹ sọ̀ sí New Islington, ìdúró kan péré ni. Ẹsẹ̀ lè débẹ̀ láti ibùdókọ̀ ojú irin, bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹsẹ̀ màmá pamọ́ fún iwájú. Láti ibẹ̀ ẹ máa rí adágún kan tí wọ́n so ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ẹ máa wolẹ̀ bí ẹ ti ń rìn, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ẹyẹ omi kan wà níbẹ̀ tó tóbi ju pẹ́pẹ́yẹ lọ, gbogbo ojú ọ̀nà ni ṣálángá tiwọn. Bàtà funfun tí mo kọ́kọ́ wọ débẹ̀, ìgbà ìkẹyìn tí mo wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn adágún náà ni Rochdale Canal, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, tí wọ́n ṣí ní 1804. Ẹ má tíì kọjá. Ẹ dúró ní bèbè tẹ́ ẹ wà, kí ẹ wo òdìkejì.

Ohun tí ẹ máa rí nìyí: ògiri bíríkì tó ga sókè, fèrèsé lórí fèrèsé, ìlà lórí ìlà, gbogbo wọn rí bákan náà, títí ojú ò fi lè kà wọ́n mọ́. Omi ìsàlẹ̀ dúdú, ó tún ya gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lórí kodò. Ìyẹn Murrays' Mills. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan láti Scotland, Adam àti George Murray, ló kọ́ ọ. Èyí tó dàgbà jù nínú rẹ̀ ti wà láti 1798. Ẹ̀ńjìnnì tí ooru omi híhó ń tì ló ń yí ẹ̀rọ ìrànwú rẹ̀, tí wọn ò fi nílò odò tó ń ṣàn kíkan bíi tàwọn ilé iṣẹ́ ìgbèríko. Ẹ̀ka tí wọ́n yà láti ara odò náà gba abẹ́ títì wọ àgbàlá wọn, ọkọ̀ ojú omi á sì wọlé lọ já ẹrù láàárín ilé iṣẹ́. Láàárín ọdún 1810 sí 1820, òṣìṣẹ́ tó lé ní 1,000 ló ń wọlé síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò wọn, McConnel àti Kennedy, náà ò gbẹ́yìn: Sedgwick Mill tiwọn, alájà mẹ́jọ, bẹ̀rẹ̀ ní 1818. Èyí tí wọ́n kọ Royal Mill sí lára kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀, 1912 ni. Ọba George Kẹfà ló wá síbẹ̀ ní 1942 tó fi gba orúkọ yẹn.

Ẹ wá gba orí afárá kọjá sí Redhill Street, kí ẹ fọwọ́ kan ògiri náà. Òótọ́ ni mò ń sọ, ẹ fọwọ́ kàn án. Etí bíríkì ti rún, ó dà bí etí búrẹ́dì. Ìyá mi nígbà tó wá, ó gbórí sókè títí ìborí rẹ̀ fi já sílẹ̀, ó ní, "Àwọn ọmọdé náà ṣiṣẹ́ níbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

* * *

Ẹnìkan kọ ọ́ pé òun ò ní lọ máa ya fọ́tò níwájú ilé tí òwú ẹrú kọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń fẹnu gbá lọ. Òwú tí àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú ń já ní gúúsù Amẹ́ríkà ló ń gba Liverpool wọ àwọn ilé yìí. Kò sí bí a ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àmọ́ ìtàn náà ò dúró síbẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, òwú ò wọlé mọ́, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn òṣìṣẹ́ Lancashire, agbègbè tí Manchester wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1862, àwọn òṣìṣẹ́ Manchester pàdé ní Free Trade Hall, wọ́n kọ lẹ́tà sí Abraham Lincoln pé àwọn wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òmìnira ẹrú. Ó dá wọn lóhùn ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ère rẹ̀ wà ní Lincoln Square láàárín ìlú, ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà sì wà ní ìdí ère. Kì í ṣe gbogbo Lancashire ló fara mọ́ ọn o. Àwọn tó fẹ́ kí òwú ṣáà máa bọ̀, láti ọwọ́ ẹni yòówù, pọ̀ níbẹ̀ náà.

Ó kàn wá jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá. Ní àwọn ọdún 1850, oníṣòwò kan ní Manchester, Thomas Clegg, àti Henry Venn ti ìjọ CMS dawọ́ pọ̀ láti máa gba òwú láti Abẹ́òkúta. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ya kóró kúrò lára òwú ránṣẹ́ síbẹ̀. Èrò Venn ni pé bí òwò òwú bá gbèrú, òwò ẹrú á kú. Nítorí náà bí màmá bá jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ sọ ìyẹn fún un létí odò yẹn.

Mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹsẹ̀ rírìn.

* * *

Láti Redhill Street, ẹ kọ ẹ̀yìn sí odò, kí ẹ gba Jersey Street kọjá lọ sí Cutting Room Square. Gbàgede ni, àga wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí màmá ti sinmi. Ẹ máa rí àwọn òpó gíga tí wọ́n gbé fọ́tò sí lára, fọ́tò àwọn yàrá tí wọ́n ti ń gé aṣọ kí wọ́n tó sọ ilé di fúláàtì. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ilé ìjọsìn St Peter's tẹ́lẹ̀, ti nǹkan bí 1860, tí ẹgbẹ́ olórin Hallé sọ di ibi tí wọ́n ti ń dánrawò. Bí ẹ bá ṣe kòńgẹ́, ẹ máa gbọ́ fèrè láti ìta.

Fún ọmọ yín: ẹ ní kó máa wá ihò. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dan Dubowitz fi ihò kéékèèké sára ògiri kiri àdúgbò náà, tí èèyàn á fi ojú kan lé láti wo inú yàrá tí wọ́n ti dí pa. Kò sí àmì kankan tó ń tọ́ka sí wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nà lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó lẹ ojú mọ́ ọn, èémí rẹ̀ bo gíláàsì, ó sáré fi apá aṣọ nù ún, ó tún lẹ ojú mọ́ ọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Méjì míì tí a rí kò tàn mọ́, òkùnkùn ni, inú bí i gan-an.

Ibẹ̀ sí Anita Street ò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀, láti ìdúró tíráàmù, kò tó kìlómítà méjì.

* * *

Ẹ jẹ́ ká ja ìjà fọ́tò yìí tán, torí èsì méje ló ti dá lé e lórí.

Apá kan ní títì ìjọba ni, ẹni tó bá wù ú kó yà á. Apá kejì ní ilé onílé ni, ẹ fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Apá kejì ni mo wà, mo sì mọ ìdí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo rí ìkòkò òdòdó mẹ́ta lójú ilẹ̀kùn kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá àgbàlagbà kan dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife tíì, ó ní, "Ṣé o fẹ́ wọlé wá ya ibùsùn mi náà ni?" Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ní ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan, òun ti rí ẹni tó jókòó lórí àtẹ̀wọlé òun tó ń jẹun.

Ilẹ̀kùn ò ní ọgbà níwájú níbẹ̀, ojú títì ni, yàrá ni. Ẹ dúró ní ìkangun òpópónà, kí ẹ ya gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, kí ẹ sì rọra kọjá. Ẹ má wo ojú fèrèsé. Bí ẹnìkan bá wà níta, ẹ kí i. Àwa ṣáà la mọ ìkíni.

* * *

Àwọn ìbéèrè kéékèèké tó kù, kíákíá:

Òpin ọ̀sẹ̀ tàbí àárín ọ̀sẹ̀? Àárín ọ̀sẹ̀, ní òwúrọ̀. Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ tó wá jẹ pizza kún ibẹ̀ débi pé ẹ ò ní rí ògiri.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ àti orúnkún? Òkúta ni wọ́n tò sójú àwọn títì kan, ó ń gbo ni. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí màmá wọ̀.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ẹ wo ọ̀rọ̀: àdúgbò tí ìtàn rẹ̀ dá lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mi ò rí ti gbogbogbò kankan níbẹ̀ rí. Ẹ ra tíì ní ilé oúnjẹ kan, kí ẹ lo tiwọn.

Áísìkiriìmù? Àwọn ará Ítálì kún Ancoats nígbà kan, áísìkiriìmù sì ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Antonio Valvona, ló gba ìwé àṣẹ ní 1902 lórí ẹ̀rọ tó ń yan ife tí èèyàn lè jẹ mọ́ áísìkiriìmù. Ẹ fi ìyẹn tan ọmọ náà bó bá rẹ̀ ẹ́.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ ní Manchester kọ ọ́ pé wọ́n ti ba ibẹ̀ jẹ́, pé nígbà tí òun débẹ̀ fèrèsé fífọ́ àti ẹyẹlé ló kún inú àwọn ilé iṣẹ́ náà, ìyẹn sì lòótọ́ ju fúláàtì olówó gọbọi tó wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn èèyàn ti ṣe àtìlẹ́yìn fún un rẹpẹtẹ.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín ní ìlàjì. Òótọ́ ni pé ọmọ òṣìṣẹ́ tó ran òwú níbẹ̀ kò ní lè san owó ilé oṣù kan nínú Royal Mill lónìí. Òótọ́ ni pé igi tí wọ́n gbìn àti gíláàsì tí wọ́n nù mú kó dà bíi pé kò sẹ́ni tó làágùn níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n fèrèsé fífọ́ yẹn ń wó lọ ni. Ọdún mélòó sí i ni òrùlé rẹ̀ ì bá fi dúró? Ní tèmi, kí ọlọ́rọ̀ sùn nínú rẹ̀ kí ògiri wà, ó sàn ju kí a máa sunkún lórí àwókù. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn ò fi àjà kan sílẹ̀, ẹyọ kan péré, kí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, kí ọmọdé lè gbọ́ ariwo yẹn.

Ariwo yẹn ló sì jẹ́ ìdáhùn fún àǹtí, tó tún padà wá béèrè bóyá wọ́n lè wọ inú ilé kankan. Ní Ancoats, rárá, àyàfi bí ẹ bá mọ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀rọ òwú wà ní Science and Industry Museum, ní ibùdókọ̀ ojú irin 1830 ní Liverpool Road. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ẹ wo ojú ìwé wọn kí ẹ tó lọ, torí wọ́n máa ń ti apá kan pa fún àtúnṣe. Bí ọkọ yín bá lè fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ìdajì ọjọ́, Quarry Bank ní Styal, nítòsí pápákọ̀ òfúrufú, dáa jù ú lọ: ilé iṣẹ́ òwú 1784, àgbá omi ńlá tó ń yí ẹ̀rọ, àti ilé tí wọ́n kó àwọn ọmọdé òṣìṣẹ́ sí. Wọ́n ń gbowó níbẹ̀.

* * *

Àǹtí, mo rí ìbéèrè yín tó kẹ́yìn: bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Manchester ni, á rọ̀. Ẹ mú agbòjò, ẹ fún màmá ní fìlà, kí ẹ lọ bẹ́ẹ̀. Bíríkì Anita Street máa ń pọ́n sí i bó bá ti tutù, àwọn onífọ́tò á sì ti sá lọ.